Odò ni Ààlà

Tíṣà jọ́gíráfì ń fi ọ̀pá wọn omi tó ń ṣàn níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni, tó ni oko òdìkejì odò. Kò bọ́ bàtà kí ó tó sọdá. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti gé kọ́nà odò náà kúrò, ẹ̀yìn ilé Tíṣà tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀ sì ti di iyanrìn.

"Tíṣà, káàbọ̀ sí ilẹ̀ wa!"

"Màmá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti rẹ̀ mí."

"Yẹ̀yẹ́ kẹ̀? Nígbà tí a fẹ́ gbin pèrègún sí ààlà lọ́dún 1986, ìwọ lo ní àṣedànù ni. Ìwọ lo kọ ọ́ síwèé pé odò ni ààlà. Gbogbo wa tẹ̀ka sí i."

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Tíṣà ti ń yà á sára bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ọ̀jọ́, pé omi a máa jẹ bèbè kan, a máa kó iyanrìn jọ sí èkejì, títí yóò fi já ọ̀nà tuntun. Kò fi ti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kún un rí.

"Odò yìí ò yà rí, Màmá."

"Ó yà rí. Ibi tí o dúró sí yìí ni ilé bàbá mi wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí odò yà, bàbá rẹ ní odò ni ààlà."

Tíṣà jókòó sórí òkúta. "Ọjọ́ mélòó lẹ fún mi láti kó jáde?"

"Ọjọ́ méje ni bàbá rẹ fún wa. Èmi ni mo ru ìkòkò."