Àáké Ilé Wa

Láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, a máa ń tò síwájú ẹ̀rọ tó ń mọ ọwọ́ tó gbẹ́ ère. Mo gbé ère tí bàbá mi gbẹ́ lọ, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti bá Mojírádé, àbúrò mi obìnrin, yan odì, nítorí ó fi àáké bàbá wa gbẹ́gi, bẹ́ẹ̀ obìnrin kì í gbẹ́ ère nílé wa. Mo gba àáké náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé wojú ẹ̀rọ. "Obìnrin ló gbẹ́ ẹ, Bàbá. Ọlọ́wọ́ òsì."

"Irọ́ ni."

"Ẹ̀rọ kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ta ni kí n kọ?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo ọwọ́ òsì nílé wa.

"Kọ Àwẹ̀ró. Ìyá mi ni."

Nírọ̀lẹ́, mo gbé àáké ìyá wa sẹ́nu ọ̀nà Mojírádé. Mi ò kí i.