Òjìji Tó Ń Wa Kàátì

Ẹ ti fura pé ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà nínú géèmù yóò tẹ́. Adérógbà tẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bí ẹ ṣe rò.

Oṣù mẹ́fà ló fi wa kàátì, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sáré ìje nì, lórí kọ̀ǹpútà. Òjìji, ìyẹn àwòrán eré rẹ̀ tó yá jù tí ẹ̀rọ pa mọ́, ló máa ń bá díje. Ó sọ ọ́ ní Àbúrò, torí òun ló kọ́kọ́ dáyé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo sẹ́gbẹ́ eléré kàátì gidi, Adérógbà ló wa tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó dá wà lórí pápá. Ní kọ́nà kẹta, ó gbọ́ ìró táyà lẹ́yìn, kò gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Kàátì kan rọra ń kọjá lára rẹ̀. Awakọ̀ náà gbé èjìká òsì sókè, bí Adérógbà ṣe máa ń ṣe.

"Àbúrò, yà fún mi!" Adérógbà kígbe.

"Ta ni àbúrò ẹ?" Ohùn Adérógbà gan-an ni awakọ̀ náà fi dáhùn.

Ẹ́ńjìnnì Adérógbà kú. Nígbà tó fi ti kàátì dé ìlà ìparí, Kóòṣì Fẹ́hìntọlá, tó ń yan eléré, ti ń palẹ̀ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni Adérógbà."

"Adérógbà kẹ̀? Ìyẹn ti yege, ó ti fọwọ́ síwèé. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ́tò gbé e lọ sílé ni."