Arúgbó Ẹnu Ilẹ̀kùn

Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń pín fíìmù kiri fẹ́ ra fíìmù mi.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ti kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò ní gé nǹkan kan, ṣùgbọ́n sinimá kan ṣoṣo lagbára wọn ká.

Ti ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn á dé ibi gbogbo.

"Ohun kan ló kù," ni ọ̀gá wọn wí. "Arúgbó tó ń ṣílẹ̀kùn níbẹ̀rẹ̀ yẹn, a máa gé e. Ó ń rìn bí ìgbín. Kó tó ṣí i tán, oorun á ti gbé àwọn èèyàn lọ."

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín.

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, sà."

Mo buwọ́ lùwé.

Mo délé, mo bá Màmá tó ń lọ aṣọ.

"Ṣé wọ́n rà á?"

"Wọ́n rà á, Màmá. Gbogbo sinimá ló máa dé."

Ó pàtẹ́wọ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Tó bá dọjọ́ náà, ká tètè jáde o. Ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni bàbá ẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ti ń ṣílẹ̀kùn."

"A ò ní pẹ́, Màmá."