Erin Tí Kò Jọ Erin

Àlọ́ o! Ẹ gbè é kó dùn, nítorí àlọ́ mi yí gbiri, ó dúró lọ́dọ̀ Erin, ìyá ńlá tí sinimá ń wù bí oyin.

Ìnàkí ló ń ṣe gbogbo sinimá inú igbó. Ìbátan rẹ̀ ló ń di kámẹ́rà mú, ìbátan rẹ̀ náà ló ń ṣe kìnnìún, ẹja àti àparò. Nígbà tí Erin gbọ́ pé sinimá erin ló kàn, ó wẹ̀, ó para, ó lọ bá Ìnàkí pé òun fẹ́ ṣe é. Ìnàkí wò ó látòkè délẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ ò jọ erin tó."

Ìnàkí da aṣọ kan ṣoṣo bo ọ̀bọ mẹ́rin, ìbátan rẹ̀, ó so okùn mọ́ ti iwájú nímú, ó ní wọ́n ti di erin. Erin ń korin lọ sílé:

Ẹ wo etí mi bí ewé kókò,
*Kíjan kíjan.*
Ẹ wo ọwọ́jà mi gbọ̀ọ̀rọ̀,
*Kíjan kíjan.*
Wọ́n ní n ò jọ erin o,
*Kíjan kíjan.*

Ọjọ́ tí sinimá jáde, gbogbo ẹranko pé. Ọdẹ yọ sí erin inú sinimá. Erin sinimá náà sá, ó fò, ó gun igi dé téńté!

Ẹ̀rín sọ. Ìgalà rẹ́rìn-ín ṣubú.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" ni Ìnàkí wí. "Gbogbo ilé wa ló ti wò ó, kò sẹ́ni tó rí àbùkù kankan!"

"Ta ló rí erin lórí igi rí?" ni Ìgalà bi í.

Ìnàkí bojú wo àwọn ìbátan rẹ̀. Orí igi ni gbogbo wọn jókòó sí. Ló bá sáré tọ Erin.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa tún un ṣe."

"Ní sùúrù, ọmọ mi. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun igi, kí n lè jọ erin."

Bí mo bá parọ́, kí erin gun igi àgbọn mi, kó ká a tán.