Agẹmọ Tí Ọba Rán Wá Ṣọ́ Àwọn Ajá

Ààlọ́ mi gbéra nílẹ̀, kò bà sórí igi, orí àwọn ajá tí ń ṣọ́ ìlú ewúrẹ́ ló bà sí.

Olè ni wọ́n ní kí wọ́n máa lé, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó bá ń lọ mumi lódò ni wọ́n ń bù jẹ. Nígbà tí wọ́n fa etí ọmọ Ìyá Ewúrẹ́ ya, ìyá náà sunkún lọ bá Erin, ọba igbó. Erin rán Agẹmọ wá ṣọ́ àwọn ajá.

Agẹmọ gun ẹ̀yìn Olórí Ajá kí ó lè rí iṣẹ́ wọn. Kí ó tó di ọ̀sán, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ajá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó wí fún Ìyá Ewúrẹ́ pé, "Gbogbo wa là ń ṣe dáadáa."

"Gbogbo yín?" ni Ìyá Ewúrẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ gun ẹ̀yìn tèmi dé odò." Ó ń kọrin lọ:

Agẹmọ tọ́ba rán níṣẹ́,
*Ègbè: Ẹ wò ó re.*
Ẹ̀yìn tí ẹ gùn lẹ ń mọ̀,
*Ègbè: Ẹ wò ó re.*

Kí wọ́n tó dé odò, Agẹmọ ti ní àwọ̀ ewúrẹ́. Àwọn ajá kò mọ̀ ọ́n mọ́. Olórí Ajá bù ú jẹ nírù.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ohun tí gbogbo yín máa ń bi wá nìyẹn," ni Olórí Ajá wí, ó sì tún bù ú jẹ.

Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ rí Agẹmọ tó sáré, ààfin Erin ló sì sá lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Erin ti lé àwọn ajá kúrò lọ́nà odò. Ibi tí ààlọ́ mi sọ̀ sí nìyí: ẹni tí a bá rán wá wo ìyà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń jẹ ẹ́ ni kó jókòó sí.