Bàbá Ti Sùn
Ọjọ́ kẹta rèé tí bàbá mi ti kú sẹ́wọ̀n, síbẹ̀ ẹ̀rọ akànìyàn kò jẹ́ kí n gbé òkú wọn lọ sin.

"Ó wà níbí, ó ń sùn," ló ń tẹnu mọ́.

Mo kọjú sí Àjàgbé, wọ́dà tó ń ròyìn ẹlẹ́wọ̀n fún un láràárọ̀. "Kí lẹ sọ fún òpònú yìí?"

"Àgbàlagbà ni wọ́n. Ṣé kí n là á mọ́lẹ̀ pé wọ́n kú ni? Mo ní bàbá ti sùn."

"Ẹ là á mọ́lẹ̀ báyìí!"

Ó wúkọ́. "Wọ́n ti kú."

"Ìròyìn tó ti wọlé kì í yí padà," ẹ̀rọ dáhùn. "Ó kọ̀ láti jí fún ìkànìyàn ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti fi oṣù mẹ́fà kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀."