Yàrá Ìdúró Àwọn Òyìnbó

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, yàrá kan wà ní ìdíkọ̀ rélùwéè tí èèyàn dúdú kò gbọdọ̀ wọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé fèrèsé ọ̀run ṣí sílẹ̀. Moríyìkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ tí ibà ń bá jà wọ ibẹ̀, ó sì jókòó.

Látúnjí ọlọ́dẹ sáré dé. "Ìyá ọmọ, dìde! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́ ni? Ti òyìnbó nibí."

"Òyìnbó wo ló wà níbí, bàbá? Ọlọ́run tó dá wọn ló dá ọmọ mi. Mi ò ní dìde, àfi tí ọkọ̀ bá dé."

Bí Látúnjí ṣe nawọ́ láti fà á, wọ́n rí ojú ẹsẹ̀ tútù tó ń wọlé lórí pákó ilẹ̀ yàrá náà, ti àgbà àti ti ọmọdé, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tó ń rìn. Àwọn àga ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó.

Orí Moríyìkẹ́ wú. Síbẹ̀, wọn kò tọ́ ọ kí èèyàn wọlé bá a kó má kí i. Ó gbá ọmọ mọ́ra.

"Ẹ kú òjò o."

"Òo, o kú òjò, ọmọ wa," ni ọ̀pọ̀ ohùn dáhùn láti orí àwọn àga òfìfo. "Má dìde o. Ìta ni wọ́n ní kí àwa dúró sí títí a fi kú."

Látúnjí yíjú láti sá. Ilẹ̀kùn rọra pa dé níwájú rẹ̀.

"Látúnjí," ni ohùn ìyá àgbà kan pè é pẹ̀lẹ́, "ẹsẹ̀ ti ń dun ìwọ náà tipẹ́. Wá jókòó."